Omi Àhámọ́: Ẹ̀rí Tó Wà Nínú Òkúta Komu



Ní Komu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, òkìtì òkúta funfun máa ń wà lẹ́bàá àwọn kòtò tí àwọn awakùsà gbẹ́. Òkúta funfun yìí kọ́ ni wọ́n wá débẹ̀. Tourmaline ni wọ́n wá, àti òkúta dúdú wíwúwo tí ń jẹ́ tantalite, èyí tí a ń yọ irin tantalum inú fóònù àti kọ̀ǹpútà láti ara rẹ̀. Quartz funfun tó ṣú bí omi ọṣẹ kò ní oníbàárà. Wọn a jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òjò a rọ̀ lé e lórí, koríko a sì hù bò ó. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé òkìtì àjùnù yẹn ni ilé ìwé ìtàn tó pẹ́ jù lọ ní Komu, ó ju àfin lọ, ó ju ìtàn ẹnu lọ, ó sì ju ìlú náà fúnra rẹ̀ lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún.

Ohun tó sọ quartz náà di funfun kì í ṣe àwọ̀. Quartz tó mọ́ gaara a máa dà bí dígí. Omi ló sọ èyí di funfun: àwọn ẹ̀kán omi tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti há sínú òkúta látìgbà tí òkúta ti ń dàgbà nínú ilẹ̀. Nínú ègé quartz funfun tí kò ju orí ìka ọmọdé lọ, wọ́n lè tó bílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú irun orí ènìyàn.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti sọ wọ́n lórúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní èdè tiwa, omi àhámọ́ ni n ó máa pè wọ́n. Mo kọ́kọ́ ronú sí "omi inú òkúta", ṣùgbọ́n ìyẹn lè túmọ̀ sí omi orísun tó ń sun láti inú àpáta. Àhámọ́ ló bá a mu: ẹni tó wà ní àhámọ́ kò kú, kò sì jáde, a sì lè pè é kí ó wá jẹ́rìí. Omi gbígbóná tó gbé irin àti òkúta iyebíye kiri nínú ilẹ̀, tó sì fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí a ti ń wà wọ́n lónìí, òun ni n ó máa pè ní omi ìyá kùsà. (Ẹnì kan dábàá "omi abíkùsà" fún mi, ṣùgbọ́n etí mi ń gbọ́ àbíkú nínú rẹ̀.) Ní ti ọ̀rọ̀ náà kùsà, èrò tèmi ni pé ọ̀dọ̀ Haúsá ló ti wá. Kuza ni Haúsá ń pe òkúta tíìnì tí a ń wà ní Jọ́ọ̀sì, ó sì jọ pé àwọn Yorùbá tó lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láyé ìjọba amúnisìn ló mú un bọ̀ wálé. Lọ́hùn-ún, ohun kan ṣoṣo ni orúkọ náà wà fún. Lẹ́nu tiwa, ó di gbogbo ohun tí a lè wà nínú ilẹ̀.

Kì í ṣe òní ni omi inú òkúta ti ń ya ènìyàn lẹ́nu. Claudian, akéwì tí a bí ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 370, kọ àwọn ewì kúkúrú lórí òkúta mímọ́ gaara kan tí ẹ̀kán omi wà nínú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Látìn ló fi kọ ọ́. Ìyanu lásán ni ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní 1822 ni Humphry Davy, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lu irú òkúta bẹ́ẹ̀, tó fa omi inú rẹ̀ jáde, tó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni David Brewster, ará Scotland, ròyìn ohun olómi kan nínú òkúta tí kò hùwà bí omi rárá: ooru díẹ̀ báyìí, a ti wú kọjá bí omi ṣe ń wú. Lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀ pé carbon dioxide ni, afẹ́fẹ́ tí a tẹ̀ títí tó fi di olómi.

Ẹni tó sọ ìyanu yìí di ẹ̀rí ni Henry Clifton Sorby, ọmọ ìlú Sheffield. Ogún tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń jẹ, kò sì ní láti bẹ ọ̀gá kankan kí ó tó ṣe ohun tó wù ú. Ó ń gé òkúta wẹ́wẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi ń là á já, ó sì ń fi máíkírósíkópù wò ó. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń fi máíkírósíkópù wo òkè. Ní 1858, ó tẹ àròkọ gígùn kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé ìléròrò afẹ́fẹ́ kékeré tó máa ń wà nínú ẹ̀kán omi àhámọ́ lè sọ bí ilẹ̀ ti gbóná tó lọ́jọ́ tí òkúta náà dá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìgò ṣe àlàyé. Bí ẹ bá rọ omi gbígbóná kún ìgò dé ẹnu, tí ẹ sì dé e pinpin, ẹ ó rí i lọ́jọ́ kejì pé àyè ti ṣẹ́kù lókè. Omi náà kò jò. Ó súnkì nígbà tó tutù ni. Ẹ wá gbé ìgò náà sórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Omi yóò wú padà, àyè yóò máa kéré sí i, yóò sì pòórá. Ìwọ̀n ooru tí àyè náà fi pòórá ni ìwọ̀n ooru tí omi wà nígbà tí ẹ dé ìgò. Ohun tí onímọ̀ ń ṣe sí òkúta nìyẹn lábẹ́ máíkírósíkópù. Ó kàn jẹ́ pé òkúta ju ìgò lọ ní ọ̀nà kan: ẹrù ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó ń dá. Nítorí náà, ìwọ̀n tí a bá rí kò lè ju ti ọjọ́ náà lọ. Ooru gidi lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò kejì, ti òtútù ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òkè-Ògùn mọ òrí. Òrí tó dì gbagidi lásìkò ọyẹ́ a máa yọ́ bí ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Àdín ní ìgbà tirẹ̀, epo pupa sì ní tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìwà wọn lè fi ìgbà tí wọ́n yọ́ dá wọn mọ̀ láì fi ẹnu tọ́ ọ wò. Bákan náà ni fún omi àhámọ́. A ó mú un tutù títí yóò fi dì, a ó sì máa wò ó bó ti ń yọ́. Yìnyín omi lásán a yọ́ ní òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yìnyín omi iyọ̀ kì í dúró dé òdo kó tó yọ́ tán. Bí iyọ̀ ti pọ̀ tó ni ó ṣe ń jìnnà sí òdo tó, títí dé ìwọ̀n 21 ní ìsàlẹ̀ òdo fún iyọ̀ ọbẹ̀. Carbon dioxide ní tirẹ̀ a yọ́ ní ìwọ̀n 56.6 ní ìsàlẹ̀ òdo. Báyìí ni a ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ẹ̀kán omi tí abẹ́rẹ́ kankan kò lè wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kì í ṣe ẹyọ kan, gbogbo ẹlẹ́rìí kọ́ ló sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbí. Òkúta a máa là. Ojú ibi tó là a sì tún jiná, omi mìíràn a há sínú àpá náà. Omi ìbí ń sọ bí òkúta ṣe dé ayé. Omi àpá ń sọ ohun tó ṣe é lẹ́yìn náà, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún. Onímọ̀ a wò bóyá àwọn ẹ̀kán náà tẹ̀ lé ìpele tí òkúta gbà dàgbà, tàbí wọ́n tò lọ gbọọrọ gba inú òkúta kọjá bí ojú ọgbẹ́ tó ti san. Lójú mi, ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wọn ti bá iṣẹ́ òpìtàn mu. Nínú oríkì ìdílé kan, ẹsẹ kan lè ti wà láti ìgbà Ọ̀yọ́ Ilé, kí ẹsẹ tó tẹ̀ lé e jẹ́ èyí tí obìnrin ilé kan fi kún un ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá kà wọ́n pọ̀ mọ́ ìgbà kan náà, ìtàn tí yóò kọ kò ní ṣe é gbà gbọ́.

Lẹ́yìn Sorby, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ náà fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Nikolai Ermakov ní Rọ́ṣíà ló gbé ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní 1950; ní Amẹ́ríkà, Edwin Roedder fi ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ jìn ín, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1984 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń dá mọ́ títí di òní. Roedder náà wà lára àwọn tó yẹ òkúta tí wọ́n kó bọ̀ láti inú òṣùpá wò. Ohun tó há sínú tibẹ̀ kì í ṣe omi, àpáta yíyọ́ tó ti di dígí ni.

Ní ilẹ̀ tiwa, ibi tí ẹ̀rí yìí ti yí èrò padà ni àfonífojì Bẹ́núé, níbi tí a ti ń wà òjé àti zinc, láti agbègbè Abakaliki lọ sókè títí dé Arufu àti Akwana. Èrò tó gbilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé àpáta gbígbóná láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló gbé òjé náà wá. Moses Olade, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, ti ń tako èyí láti 1976. Ní 1985, òun àti Morton tẹ iṣẹ́ kan jáde tó dá lórí omi àhámọ́. Ooru omi náà ju ti omi híhó lọ, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ti àpáta yíyọ́ rárá. Iyọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po ti òkun lọ́nà púpọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 3.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún omi òkun ni iyọ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ jọ omi àtijọ́ tó há sínú iyanrìn àti amọ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó bo àfonífojì náà rí, tó gbóná nísàlẹ̀, tó sì ń ṣa òjé kúrò lára àwọn òkúta tó ń gbà kọjá. Samuel Akande ti Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi irú ẹ̀rí kan náà ṣiṣẹ́ lórí Arufu àti Akwana ní 1988. Ó wù mí kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ èyí: àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó mú omi tí ojú kò rí wá sílé ẹjọ́, tí ẹjọ́ náà sì yí.

Komu ní ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ti Bẹ́núé. Pegmatite ni òkúta tó ń gbé ọrọ̀ ibẹ̀. Bí àpáta yíyọ́ bá ń dì nínú ilẹ̀ láti di granite, àwọn ohun tó wọ́pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí ibi jókòó. Ẹ ro ìnáwó ńlá kan: àwọn àlejò tí a mọ̀ ti jókòó, àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọn yóò fi wọ́n sí sì kóra jọ sẹ́yìn àtíbàbà. Bẹ́ẹ̀ ni boron, lithium, beryllium, tantalum àti omi ṣe ń kóra jọ sínú olómi tó ṣẹ́kù gbẹ̀yìn. Ibi tí olómi ìkẹyìn yìí bá wọ inú làlà àpáta tó sì dì ni pegmatite ti ń dá, pẹ̀lú òkúta tó tóbi tó ọwọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Boron a bí tourmaline, beryllium a bí aquamarine, lithium a bí lepidolite àti spodumene tí gbogbo ayé ń wá nísinsìnyí nítorí bátìrì.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, àríyànjiyàn wà. Jacobson àti Webb kọ ìwé lórí àwọn pegmatite àárín gbùngbùn Nàìjíríà ní 1946, fún ìgbà pípẹ́ sì ni a gbà pé àwọn tó ní ọrọ̀ nínú kò kọjá ìgbànú kan tó gùn tó 400 kìlómítà láti agbègbè Ifẹ̀ dé Wamba. Òkè-Ògùn kò sí nínú ìgbànú yẹn. Ní 1983, Matheis àti Caen-Vachette díwọ̀n ọjọ́ orí àwọn pegmatite kan, wọ́n rí nǹkan bí 562 sí 534 mílíọ̀nù ọdún. Matheis wá rò pé àwọn ìlà fífọ́ ńlá inú ilẹ̀ ló ṣe kókó, pé omi ìyá kùsà gba ojú ìlà wọ̀nyí gòkè wá, àti pé kò fi dandan jẹ́ ọmọ granite tó wà nítòsí. Küster, tó ṣiṣẹ́ ní Wamba, sọ ní 1990 pé rárá o, granite ìgbà náà ni bàbá wọn. Olugbenga Okunlola ti Yunifásítì Ìbàdàn sì pín ibi tí tantalum wà ní Nàìjíríà sí ẹkùn méje ní 2005. Òkè-Ògùn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìgbànú àtijọ́ ti já.

Ta ni bàbá ọrọ̀ Komu, granite ni tàbí ìlà ilẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú kíláàsì nìkan. Bó bá jẹ́ granite, àwọn pegmatite tó lọ́rọ̀ jù a máa jìnnà díẹ̀ sí i, a sì lè fi ibi tó wà díwọ̀n ibi tó yẹ ká gbẹ́. Bó bá jẹ́ ìlà ilẹ̀, ìlà yẹn ni ká tẹ̀ lé. Awakùsà tí kò mọ èyí tó jẹ́, oríire rẹ̀ ló ń gbẹ́. Yóò gbẹ́ kòtò kan, yóò fi í sílẹ̀, yóò gbẹ́ òmíràn, kòtò a sì máa wó pa ènìyàn. Oko ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ àti ti iṣu a sì di ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè rìn lálẹ́. Bí omi ìbí inú quartz bá gbóná gan-an, tí ẹ̀kán àpáta yíyọ́ sì há pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìpele kan náà, ẹ̀rí ń lọ sọ́dọ̀ granite. Bí ó bá jẹ́ pé omi àpá, tí ooru rẹ̀ kéré tí iyọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀, ló bá tantalite rìn, ẹ̀rí ń lọ sọ́dọ̀ ìlà ilẹ̀. Inú òkúta funfun lẹ́bàá kòtò ni ẹlẹ́rìí méjèèjì wà.

Òkúta tó dára jù kò lè sọ ọ́ fún wa, nítorí pé ó mọ́ jù. Mo ti dúró ti oníṣòwò kan ní ọjà òkúta iyebíye ní Òjóò, n'Ìbàdàn. Ó gbé tourmaline kan síwájú iná tọ́ọ̀ṣì, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá a padà fún ẹni tó mú un wá. "Ẹ̀gbọ́n, omi wà nínú ẹ̀," ó ní, "mi ò rà á." Ó tọ̀nà lójú ọjà. Wọ́n a máa fi ooru mú àwọ̀ òkúta dára sí i, èyí tí omi bá wà nínú rẹ̀ sì lè bẹ́ lórí iná. Èyí tó mọ́ a kọjá lọ sí Tháílàǹdì, Íńdíà tàbí Jámánì láì ní ìtàn nínú. Èyí tó ní ìtàn a padà sínú àpò, lẹ́yìn náà sórí òkìtì.

Orúkọ ibi tí òkúta ti wá sì ń di owó níbòmíràn. Emeraldi Muzo ní Kòlóńbíà ni gbogbo ayé mọ̀, ohun tí wọ́n sì fi ń dá a mọ̀ ni ohun mẹ́ta tó há pọ̀ nínú ẹ̀kán kan: omi, ìléròrò, àti hóró iyọ̀ onígun mẹ́rin. Iyọ̀ yẹn ló fi han àwọn onímọ̀ pé omi tó gba inú ilẹ̀ oníyọ̀ kọjá ló bí emeraldi náà, kì í ṣe granite. Ní tiwa, tourmaline pupa kan jáde nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1998, ariwo rẹ̀ sì kan gbogbo ọjà ayé. Ní 2001, tourmaline aláwọ̀ búlúù tí bàbà wà nínú rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà, irú èyí tí a rò pé Brazil nìkan ló ní. Omi àhámọ́ nìkan kò tó láti ya ti Nàìjíríà sọ́tọ̀ sí ti Brazil; àfi ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ka àwọn èròjà tó kéré jọjọ inú wọn. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹlẹ́rìí kan mọ gbogbo nǹkan.

A ti rí irú rẹ̀ rí nínú ìtàn wa. Nígbà tí Frobenius dé Ifẹ̀ ní 1910, kò gbà pé àwọn baba ńlá wa ló ṣe ohun tó rí. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ dígí Igbó Olókun pàápàá, ọ̀pọ̀ ló rò pé òkè òkun ni wọ́n ti wá. Ìgbà tí a bi dígí náà léèrè, tí a wo èròjà rẹ̀, ni a mọ̀ pé irú dígí bẹ́ẹ̀ kò sí níbòmíràn: Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2017 pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti sè é, kí òyìnbó tó dé etíkun wa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba Komu kọjá, ẹ mú quartz funfun díẹ̀ lẹ́bàá kòtò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ kọ kòtò tó ti wá sára rẹ̀, ẹ kọ bí ó ti jìn tó, ẹ bi awakùsà bóyá tantalite bá a jáde. Òkúta tí kò ní àdírẹ́sì kò lè jẹ́rìí. Ẹ má fi iná kàn án, ẹ má sì fi òòlù lù ú jù. Nílé ẹ̀kọ́, ẹ gé e pẹlẹbẹ, kí ẹ dán ojú rẹ̀ méjèèjì títí yóò fi tinrín tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣì ń wá. Ìṣẹ́jú tí ìléròrò pòórá, tí ohun méjì inú ẹ̀kán omi di ọ̀kan ṣoṣo lórí iná, kí ni kí á máa pè é? "Ìpòórá àyè" ni mo ń kọ sínú ìwé mi. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní òun fara mọ́ "ìdọ̀kan", nítorí pé ohun tí ojú òun rí nìyẹn lábẹ́ máíkírósíkópù.